Stevedore, docker, longshoreman: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ èbúté

Ìwé kan ni mo ń túmọ̀ tí mo fi kọ "alábàárù" síbi tí Òyìnbó ti kọ "stevedore". Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù Àpápá fún ọ̀pọ̀ ọdún bá mi yẹ iṣẹ́ náà wò. Ó fi bírò pupa yí ọ̀rọ̀ náà po, ó ní, "Alábàárù ń ru ẹrù. Èmi, mo máa ń tò ó ni." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí. Àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn ti bi mí lórí rẹ̀ ni mo kó jọ síbí, pẹ̀lú àwọn tí mo bi ara mi.

Kí ni "stevedore" gan-an?

Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń to ẹrù sínú ikùn ọkọ̀ òkun ni, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń kó o jáde láìjẹ́ kó bàjẹ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ látilẹ̀ wá nìyẹn. Lóde òní, ọ̀pọ̀ Òyìnbó ń lò ó fún òṣìṣẹ́ èbúté èyíkéyìí. Àwa ní Nàìjíríà ti gbé e kúrò lọ́rùn òṣìṣẹ́, a gbé e fún ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ náà wá. Màá padà sórí ìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyí: "sítíífúdọ̀".

Ibo ni ọ̀rọ̀ náà ti wá?

Láti ẹnu àwọn ará Sípéènì àti Potogí ni. Àwọn ará Sípéènì ń pè é ní "estibador", àwọn ará Potogí ní "estivador". "-dor" tó wà ní ìdí rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí "a" ń ṣe níwájú "apẹja" àti "akọ̀wé": ẹni tó ń ṣe nǹkan ọ̀hún. Nǹkan tí wọ́n ń ṣe náà ni "estibar" tàbí "estivar", tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú èdè Látìn, "stipare".

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká wá ìtumọ̀ "stipare" lọ síbi tó jìnnà. Bí ìyá ẹni bá ń lọ sílé ọdún, tó ń ki aṣọ sínú báàgì Ghana-must-go, tó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, tó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, títí síìpù fi pa dé, "stipare" ni màmá ń ṣe yẹn. Kí á ki nǹkan mọ́ra títí àlàfo kò fi ní sí mọ́.

Ní Sípéènì, ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn tó ń di irun àgùntàn mu gan-an. Irun àgùntàn fúyẹ́, àmọ́ ó máa ń gba àyè. Bí wọn ò bá kì í dáadáa, afẹ́fẹ́ ni ọkọ̀ máa gbé la òkun kọjá, owó ọkọ̀ sì nìyẹn.

Báwo ló ṣe dénú èdè Gẹ̀ẹ́sì?

Àwọn èbúté Amẹ́ríkà ló gbà wọlé. Ọdún 1788 ni a ti kọ́kọ́ rí i nínú àkọsílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó sì máa fi di 1828, Noah Webster ti fi í sínú ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀. Kò sí ìwé àṣẹ kankan tó mú un wọlé. Àwọn atukọ̀ ló máa ń gbé ọ̀rọ̀ kiri bí wọ́n ṣe ń gbé ẹrù, èyí tó bá wúlò léèbúté kan, wọn á jù ú sílẹ̀ ní òmíràn.

Ẹ wo bí ẹnu ṣe ṣe ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ará Sípéènì kò lè fi "st" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi "e" ṣíwájú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí "stipare" fi di "estibar". Àwa náà kò fẹ́ràn kí kọ́ńsónáǹtì méjì so mọ́ra, àmọ́ ọgbọ́n tiwa yàtọ̀: a ki fáwẹ̀lì sáàárín, "school" di "sùkúù", tàbí kí á kúkú gé "s" dànù, "street" di "títì". Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Òyìnbó tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, "st" kò ni wọ́n lára, wọ́n bá yọ "e" náà kúrò. Ó jọ ìgbà tí èèyàn bọ́ fìlà nígbà tó wọlé.

Ṣé kì í ṣe ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Steve ni wọ́n fi sọrí?

Rárá o. Kò sí Steve kankan níbẹ̀, kò sì sí ilẹ̀kùn ("door").

Nígbà tí a ti wà lórí irú ẹ̀ bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n ń pín kiri orí WhatsApp pé "wharf" jẹ́ ìkékúrú ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó ń sọ nípa ilé ìkẹ́rùsí létí odò, irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni "wharf", ó ti wà fún ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì máa fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ dá orúkọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ wo ló bá "stevedore" tan?

Èyí tó máa pa yín lẹ́rìn-ín ni "constipation". Ọmọ ìyá ni wọ́n: "stipare" kan náà ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ há, tí kò lè yàgbẹ́, ẹrù ló kún inú rẹ̀ tí kò sí ẹni tó máa kó o jáde. "Stiff", ohun tó le gbandi, náà tan mọ́ ọn láti gbòǹgbò tó tún jìn ju ti Látìn lọ.

Ẹ̀kẹta ni "steeve", tí ọ̀pọ̀ Òyìnbó fúnra wọn kò mọ̀ mọ́. Ó túmọ̀ sí kí á ki òwú mọ́ra nínú ikùn ọkọ̀. Iṣẹ́ yìí gbilẹ̀ ní New Orleans, Mobile àti Galveston ní gúúsù Amẹ́ríkà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti to béèlì òwú kún ikùn ọkọ̀, tí ẹlòmíì á ti máa ṣọpẹ́ pé iṣẹ́ ti parí, ìgbà yẹn gan-an ni tiwọn ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbé jáàkì ńlá onísíkúrù wọlé, irú èyí tí mẹkáníìkì fi ń gbé mọ́tò sókè, wọ́n á fẹ̀yìn rẹ̀ ti igi, wọ́n á máa yí i, òwú á máa há mọ́ra, títí àyè béèlì mìíràn á fi yọ láàárín èyí tó ti kún. Orin ni wọ́n fi ń yí jáàkì náà, ẹnì kan á dá a, àwọn yòókù á gbè é, gbogbo wọn á sì jọ fà á lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń ṣe é ń gba owó tó dára ju ti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ èbúté yòókù lọ. Ọdún 1850 ni àwọn ti New Orleans dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, aláwọ̀ funfun ni wọ́n.

Ní Galveston, àwọn aláwọ̀ funfun náà ló di iṣẹ́ yìí mú. Norris Wright Cuney, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí nígbà oko ẹrú, ló já okùn yẹn ní 1883. Ó ra irinṣẹ́, ó kó nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta aláwọ̀ dúdú jọ, ó sì mú wọn wọ èbúté.

Kí ló wá le nínú ká to ẹrù?

Ohun tí mo bi bàbá aláàpápá náà nìyẹn, ó sì fi gbogbo ọ̀sán ọjọ́ kan dá mi lóhùn. Ẹrù tó wúwo gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, àmọ́ bí gbogbo ohun tó wúwo bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, ọkọ̀ á máa ta gìrì bí ìgbì bá gbá a, ó lè ba ara rẹ̀ jẹ́. Ẹrù èbúté tí ọkọ̀ máa kọ́kọ́ yà ni wọ́n ń kó wọlé kẹ́yìn. Ẹni tó bá gbàgbé ìyẹn á tú gbogbo ẹrù ìlú kejì kó tó rí ti ìlú àkọ́kọ́. Àpò kòkó máa ń làágùn nínú ọkọ̀, nítorí náà wọ́n ń tẹ́ pákó àti ẹní sábẹ́ àti sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí atẹ́gùn lè ráyè kọjá. Tíì kì í sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ, nítorí òórùn awọ á bá tíì dé inú ife ẹni tó rà á. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹrù kò gbọ́dọ̀ mì. Bí ẹrù bá yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà ìjì, ọkọ̀ á fì síbẹ̀, ìjì tó kàn lè dà á dé.

Nítorí ìyẹn ni orúkọ tí wọ́n fún òṣìṣẹ́ yìí fi ti ara kíkì àti títò wá, kì í ṣe ti ara rírù.

"Docker" ńkọ́?

"Dock" ni wọ́n ti fà á yọ, àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sì yá "dock" lọ́wọ́ àwọn ará Dutch. Ẹ má fi í pe "dock" inú kóòtù tí ọ̀daràn ń dúró sí o. Ìyẹn wá láti inú ọ̀rọ̀ àwọn ará Flanders kan tó túmọ̀ sí àgò adìẹ tàbí àgò ẹyẹ. Ọ̀rọ̀ méjì ni, ìpàdé lójú ọ̀nà ló mú wọn jọra.

Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù nípa "docker" rèé. Kó tó di orúkọ òṣìṣẹ́, orúkọ ará ìlú ló jẹ́. Ìlú tuntun kan hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ogun ọba, wọ́n ń pè é ní Plymouth Dock, àwọn ará ibẹ̀ sì ni "dockers". Ìlú tuntun náà fẹ́ kí Plymouth fún àwọn nínú omi rẹ̀, Plymouth kò gbà. Ní 1762, Samuel Johnson, tó ti ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ńlá jáde ní 1755, bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ayàwòrán Joshua Reynolds ṣàbẹ̀wò síbẹ̀. Kò tíì pé níbẹ̀ rárá tó fi gba ìjà onílé jà. Ó kígbe pé ará Plymouth lòun, òun lòdì sí àwọn docker, kí òùngbẹ gbẹ wọ́n pa! Àwàdà ni o, àmọ́ ó jẹ́ kí á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu wọn nígbà náà. Ní 1824, ìlú yẹn yí orúkọ padà sí Devonport. Ó ṣe díẹ̀ kí "docker" tó wá jókòó sára òṣìṣẹ́ èbúté.

Àti "longshoreman"?

Ìyẹn kò ní àṣírí. "Along shore" ni, létí omi, tí wọ́n gé orí rẹ̀. Ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, Amẹ́ríkà ló sì ti wọ́pọ̀ jù. Ní Ọsirélíà, "wharfie" ni wọ́n ń pè wọ́n.

Ṣé ohun kan náà ni gbogbo wọn?

Bí ẹ bá bi ará London ní 1889, á ní ká má rí i. Ní odò Thames, stevedore ló ń to ẹrù sínú ọkọ̀ tó ń lọ, docker ló ń já ẹrù ọkọ̀ tó dé. Stevedore ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ó ní ẹgbẹ́, owó rẹ̀ sì dára díẹ̀. Docker ń dúró lẹ́nu géètì láàárọ̀ bí lébìrà ṣe ń dúró ní ìkòríta l'Ékòó, kí ọ̀gá wá nàka sí i: ìwọ, ìwọ, ó tó. Ẹni tí wọn ò nàka sí, ebi ló ń padà bá nílé.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn docker yanṣẹ́ lódì. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò pọ̀, kí owó wákàtí kan kúrò ní pẹ́nì márùn-ún kó di mẹ́fà. Ben Tillett, Tom Mann àti John Burns ló ṣíwájú. Àwọn ọ̀gá èbúté rò pé ebi á dá wọn padà láàárín ọjọ́ mélòó kan, torí lébìrà pọ̀ nígboro. Ohun tí wọn ò rò ni pé àwọn stevedore, àwọn tí ara tù díẹ̀, máa dà pọ̀ mọ́ wọn. Lébìrà ṣeé rí lójú títì, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń to ọkọ̀ kò sí lójú títì. Bí àwọn yẹn ṣe dáwọ́ iṣẹ́ dúró báyìí, ọkọ̀ tó fẹ́ lọ kò lè lọ mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ Ọsirélíà tún dá owó jọ ránṣẹ́, ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn. Nígbà tó fi di oṣù kẹsàn-án, pẹ́nì mẹ́fà ti wọlé.

Lójú tèmi, ìgbà yẹn ni ìyàtọ̀ orúkọ méjèèjì hàn kedere jù, ìgbà tí wọ́n pa ìyàtọ̀ náà tì yẹn náà ló sì wúlò jù.

Mo gbọ́ pé "strike" náà, èbúté ló ti wá. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Ní 1768, àwọn atukọ̀ ní London bínú, wọ́n sì sọ ìgbòkun ọkọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ kankan má baà lè kúrò lódò. "Strike" ni wọ́n ń pe kí á sọ ìgbòkun kalẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe sí aṣọ ìgbòkun ló di orúkọ ìyanṣẹ́lódì.

Ǹjẹ́ Yorùbá wà nínú ìtàn yìí rárá?

A wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe létí. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Salvador, ní Bahia, ilẹ̀ Brazil, níbi tí wọ́n ti ń sọ "estivador" títí dòní.

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ilẹ̀ adúláwọ̀ ló ń ru gbogbo ẹrù ìlú náà, àti ẹrú àti ẹni tó ti ra ara rẹ̀ padà. "Ganhador" ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn ẹni tó ń wá owó. Wọ́n pín ara wọn sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, wọ́n ń pe ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní "canto", igun, nítorí pé igun títì ni wọ́n ń jókòó sí de iṣẹ́. Canto kọ̀ọ̀kan ní olórí, tí wọ́n ń pè ní kápútéènì canto. Nàgó, ìyẹn àwa Yorùbá, ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ní 1857, ìjọba ìlú ṣòfin pé kí ganhador kọ̀ọ̀kan forúkọ sílẹ̀, kó san owó, kó sì so àwo irin kan tó ní nọ́ńbà mọ́ ọrùn. Ẹ fojú inú wo bí Nàgó tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó owó jọ ra òmìnira rẹ̀ ṣe máa gba kí wọ́n tún so irin mọ́ ọn lọ́rùn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, gbogbo canto dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Wọn ò da ìgboro rú, wọ́n kàn jókòó sílé ni. Ẹrù ò kúrò ní èbúté, ẹrù ò dé ọjà. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó parí, ìjọba sì ti yára mú owó ìforúkọsílẹ̀ náà kúrò. Ìyanṣẹ́lódì yìí fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ṣáájú ti London, bẹ́ẹ̀ ti London ni gbogbo ayé mọ̀.

Èyí tó tún wù mí nìyí. Ní 1949, àwọn estivador èbúté Salvador dá ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy (ìyẹn Àwọn Ọmọ Gandhi) sílẹ̀ fún àjọ̀dún Carnaval, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n pa Mahatma Gandhi. Aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀, pẹ̀lú láwàní, wọ́n ń lu agogo, wọ́n sì ń kọrin òrìṣà ní èdè Yorùbá. Ìlù tí wọ́n ń jó sí ń jẹ́ "ijexá". Ìjẹ̀ṣà ni o. Títí dòní, ẹgbẹ̀rún ọ̀nà ọkùnrin ló ń bá wọn tò lọ.

L'Ékòó ńkọ́?

Tipẹ́tipẹ́, ọkọ̀ ńlá kò lè wọ Èkó nítorí iyanrìn tó dí ẹnu ọ̀sà. Forcados, èbúté kan ní agbègbè Niger Delta, ni wọ́n ti ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ kékeré tó máa gbé e wá. Láti 1908 ni wọ́n ti ń fi òkúta ṣe ògiri sínú òkun kí ẹnu ọ̀sà lè jìn, nígbà tó sì di 1926, wọ́ọ̀fù Àpápá ti ń ṣiṣẹ́. Ní gbogbo etíkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, àwọn Kru láti Liberia ló kọ́kọ́ gbajúmọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, ọkọ̀ Òyìnbó kì í fẹ́ kọjá ilẹ̀ wọn láìgbé díẹ̀ nínú wọn.

Ẹni tó bá rò pé agbára lásán ni iṣẹ́ èbúté, kó rántí 1975. Ìjọba ológun ra sìmẹ́ǹtì tó pọ̀ ju ohun tí èbúté Èkó lè já lọ́pọ̀ ìgbà. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ tò sójú òkun fún oṣù púpọ̀, sìmẹ́ǹtì inú àwọn kan sì dì sínú wọn. Owó ìdúró ọkọ̀ ń gorí owó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ́ èbúté Tin Can Island, tí wọ́n ṣí ní 1977.

Ní ti ọ̀rọ̀ náà, Àpápá ló ti gòkè àgbà. Lọ́dọ̀ wa, "stevedore" ni kọ́ńtírátọ̀ tó ní ọ́fíìsì, ẹni tó ń wọ ikùn ọkọ̀ sì ni "dockworker". Lẹ́yìn tí ìjọba fa ibùdókọ̀ èbúté lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ ní 2006, ó tún wá rí bẹ́ẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ẹni tó ń làágùn nínú òkùnkùn ọkọ̀ ti wọ kóòtù àti táì.

Ní Kutọnu?

"Docker" ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, torí pé Faransé fúnra rẹ̀ yá a lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n yá "wharf" náà.

Ṣé kọ̀ǹténà kò ti pa iṣẹ́ náà?

Ó pa púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1956, ọkọ̀ Ideal X ti Malcom McLean, oníṣòwò ará Amẹ́ríkà kan, gbé kọ̀ǹténà méjìdínlọ́gọ́ta láti Newark lọ sí Houston, láti ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ ló ń ki ẹrù sínú àpótí, kéréènì ló ń gbé àpótí. Àmọ́ ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ mọ àpótí tó máa wà lókè àti èyí tó máa wà nísàlẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe é báyìí.

Kí ni kí atúmọ̀ èdè wá kọ?

Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ èbúté lápapọ̀, "òṣìṣẹ́ èbúté" tó. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń ru ẹrù fún owó nínú ọjà tàbí ní gáréèjì, "alábàárù" ni. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó gba iṣẹ́ ọkọ̀ ṣe, mo máa ń kọ "agbaṣẹ́ṣe èbúté". Fún stevedore àtijọ́, ẹni tó ń fi ọgbọ́n to ikùn ọkọ̀, mo dá "atẹrùsọ́kọ̀" sílẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí bàbá aláàpápá náà. Ó ní ó gùn díẹ̀, àmọ́ kí n má pa á rẹ́.